Ojú Àpá Kò Jọ Ojú Ara

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Òwe yìí kìlọ̀ ohun tí ń gba ojú sísán wọlé, ṣùgbọ́n kò sọ bí ó ṣe yẹ kí a pa ojú náà dé. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò nìyí: nígbà wo ni a tún ohun tí ó sán ṣe, nígbà wo ni ó sì jẹ́ pé ńṣe ni a kàn bò ó mọ́lẹ̀?

Ọkọ̀ kan wà tí ó lè là wá lọ́yẹ. Argo ni orúkọ rẹ̀; New Hamburg, ní ẹkùn Ontario ní Kánádà, ni ilé iṣẹ́ tí ń ṣe é wà, ọdún 1967 sì ni àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde. Táyà mẹ́fà tàbí mẹ́jọ ni ó ń lò. Ó ń la ẹrẹ̀ àti yìnyín kọjá. Bí ó bá dé etí odò, yóò wọ inú omi lọ, àwọn táyà náà yóò sì máa fa omi sẹ́yìn bí àjẹ̀. Ike ni ara rẹ̀, ike yìí náà ni kò jẹ́ kí ó rì. Òkúta tàbí kùkùté lè mú un sán. Lórí ilẹ̀, sísán náà kò dí ìrìn lọ́wọ́. Omi ni adájọ́ rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ń kánjú yóò fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ike yìí jẹ́ irú polyethylene líle tí Karl Ziegler, ará Jámánì, rí ọ̀nà àti ṣe ní ọdún 1953. Ara rẹ̀ ń yọ̀ bí ìda. Gọ́ọ̀mù kì í rí ibi dì mú. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yóò kọ́kọ́ wá ibi tí sísán náà parí sí, yóò sì lu ihò kékeré roboto síbẹ̀. Ó dà bí ẹni pé ó ń bà á jẹ́ sí i. Bẹ́ẹ̀ kọ́: ṣóńṣó orí sísán ni agbára tí ń fa ike ya máa ń pé jọ sí, ihò roboto a sì pín agbára náà ká, kí sísán má baà rìn síwájú mọ́. Lẹ́yìn èyí, yóò gbẹ́ ojú sísán náà fẹ̀, yóò fá ìdọ̀tí àti èyí tí oòrùn ti bà jẹ́ kúrò, yóò wá fi ooru yọ́ ọ̀pá ike sínú rẹ̀. Irú ike kan náà ni ọ̀pá náà gbọ́dọ̀ jẹ́. Etí ọgbẹ́ pàápàá gbọ́dọ̀ yọ́, kí àwọn méjèèjì tó lè di ara kan.

Ẹnìkan lè wí pé: bí mo bá fẹ́ tà á ńkọ́, kí ni ó burú bí mo bá kun ọ̀dà lé e? Ṣebí ẹni tí ń rajà ní ojú. Èmi kò gbà. Ẹni tí ó kun ọ̀dà kọ́ ni yóò wà nínú ọkọ̀ náà láàárín adágún omi tútù. Kí a mọ ewu, kí a sì fi pamọ́ fún ẹni tí yóò fi ẹ̀mí rẹ̀ dán an wò, kì í ṣe ọgbọ́n ọjà, ìkà ni.

Bẹ́ẹ̀ ni a sì ń ṣe sí ara wa nínú ilé. Bí ọmọ ìyá méjì bá jà, a ó ní kí wọ́n gbá ara wọn mọ́ra, a ó pa obì, a kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Gọ́ọ̀mù ni. Yóò dúró títí di ọjọ́ tí a bá fẹ́ pín ogún bàbá wọn. Ìlàjà tí yóò tọ́jọ́ a máa wá orírun ìjà, a máa ṣí ojú egbò, a sì máa béèrè pé kí ọkàn àwọn méjèèjì yọ́.

Òótọ́ ni pé ojú àpá kò lè jọ ojú ara. Bí ẹni ń kédàárò ni a ṣe máa ń pa òwe yìí, ṣùgbọ́n àpá kì í ṣe ohun ìtìjú. Ẹni tí ó bá rí i yóò béèrè, yóò sì mọ ibi tí ó yẹ kí òun yẹ̀ wò kí ó tó wọ odò. Ó sàn kí àpá hàn síta ju kí omi wọlé lọ.