Ǹjẹ́ Ó Tọ́ Kí A Ta Oko Kòkó Nítorí Bàálù?

Ìjíròrò láàrin olórí ẹbí kan ní Ẹ̀sà-Òkè àti àbúrò rẹ̀ tí ó jẹ́ olùkọ́, lórí ọmọbìnrin olóògbé ẹ̀gbọ́n wọn, ẹni tí ó fẹ́ di awakọ̀ òfuurufú.

OLÙKỌ́: Ẹ̀gbọ́n, oko kòkó tí bàbá wa fi sílẹ̀ tó láti gbé ọmọ yìí dé Florida, níbi tí ojú sánmọ̀ ti ń mọ́ ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ inú ọdún. Ní ilé-ẹ̀kọ́ awakọ̀ òfuurufú tí ó wà ní Zaria, bí ọyẹ́ bá ti dé, tí eruku aṣálẹ̀ sì bo ojú ọ̀run, ilẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò jókòó sí. Bí ọmọdé kò bá sì dé oko baba ẹlòmíràn, yóò ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun.

BÀBÁ: Ta ni ó ni ilẹ̀ náà?

OLÙKỌ́: Tiwa ni.

BÀBÁ: Tiwa, àti ti àwọn tí a kò tíì bí. Àwa Ìjẹ̀ṣà, ọmọ Obòkun, tí àwọn baba wa ru aṣọ láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n tà á ní àwìn, tí wọ́n sì lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí owó fi jáde, tí ayé fi ń pè wọ́n ní Òṣómàáló, a mọ ohun tí gbèsè ń jẹ́. Dọ́là ni Florida yóò gbà. Kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní báńkì. Kí ọdún tó yí po, ó ti kọjá 1,500. Ẹni tí ó ta ilẹ̀, tí owó sì tán ní ìdajì ẹ̀kọ́, kí ni yóò tún tà?

OLÙKỌ́: Epo tí àwọn bàálù kékeré ń mu nílé pàápàá, òkè-òkun ni ó ti ń wá. Dọ́là kò fi ilé sílẹ̀.

BÀBÁ: Ìyẹn, mo gbà. Ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ tí ó bá gbà lọ́hùn-ún, àjọ NCAA tí ń ṣàkóso ìrìnnà òfuurufú nílé yóò tún yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó fi wa bàálù Nàìjíríà. Ìlànà àgbáyé fún ìwé àṣẹ awakọ̀ fún iṣẹ́ ajé, níbikíbi tí a bá ti kọ́ ọ, sì ni 200 wákàtí lójú ọ̀run, tàbí 150 ní ilé-ẹ̀kọ́ tí a fọwọ́ sí. Zaria, tí ó ti wà láti 1964, ni Ìyáàfin Chinyere Kalu ti kọ́ ọ; ní 1981 ó di obìnrin àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tí ó gba ìwé àṣẹ awakọ̀ òfuurufú fún iṣẹ́ ajé, ó sì padà di ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

OLÙKỌ́: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Bí ó bá jẹ́ ọmọ bíbí inú yín, ṣé ẹnu báyìí ni ẹ ó fi sọ ọ́? Bàbá ọmọ yìí ni ó fi owó kòkó rán èmi níwèé, kò sì béèrè bóyá tiwa ni tàbí ti àwọn tí a kò tíì bí.

BÀBÁ: Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, o kò sì purọ́. Ṣùgbọ́n owó kòkó ni o pè é. Kò ta oko. Ohun tí ó ṣe fún ọ ni kí a ṣe fún ọmọ rẹ̀. Láti ìkórè yìí lọ, tirẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ yọ, kí a tó kan òrùlé ilé mi tí ó ń jò.

OLÙKỌ́: Kòkó gbówó lórí ní 2024 bí kò ti gbówó lórí rí, ṣùgbọ́n a máa wálẹ̀ o.

BÀBÁ: Bí ó bá wálẹ̀, èmi àti ìwọ ni yóò dí àlàfo náà, láti inú owó oṣù rẹ àti iṣu mi. Sọ fún un kí ó gba fọ́ọ̀mù Zaria.