Kí Abiyamọ Padà Sẹ́nu Iṣẹ́ Ni, Tàbí Kí Ó Kọ̀wé Fi Í Sílẹ̀?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé púpọ̀ lẹ́yìn tí a bá ti sọmọ lórúkọ tán. Ìsinmi ìbímọ ń parí lọ, ọ̀gá ti ń retí ìyálọ́mọ, ọmọ kò sì tíì lè dá jókòó.

Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, tí ó ti wà láti 1971, fún obìnrin ní ọ̀sẹ̀ 12: 6 ṣáájú ìbímọ, 6 lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá padà, ó ní ẹ̀tọ́ sí ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fi fún ọmọ lọ́mú. Ìdajì wákàtí! Ẹni tí ó ń ti Ìkòròdú lọ ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó, níbo ni yóò ti rí ọmọ náà? Bẹ́ẹ̀ àwọn oníṣègùn ní ọmú nìkan ni kí ọmọ máa mu fún oṣù 6. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ro èyí ní 2014, wọ́n fún àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ wọn ní oṣù 6 fún ọmọ méjì àkọ́kọ́. Àmọ́ mélòó nínú àwọn abiyamọ wa ló ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba Èkó?

Àwọn kan á ní kí la tún ń rò síbẹ̀, ìyá tó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ yóò jókòó tì í. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Nínú ilé mìíràn, owó obìnrin ni wọ́n fi ń san owó ilé. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí ti tíṣà tí ènìyàn fi ọdún púpọ̀ kọ́ kì í sì í ṣe aṣọ tí a ń bọ́ lónìí, tí a tún ń gbé wọ̀ lọ́la. A kò bá ẹni tó fiṣẹ́ sílẹ̀ wí o, pàápàá bí ara ọmọ kò bá le. Ohun tó ń dùn wá ni pé kì í pẹ́ tí wọ́n á fi máa sọ pé kò ṣe nǹkan kan, owó ọbẹ̀ á wá di ohun tí yóò máa tọrọ. Ìyá Mósè tọ́ ọmọ ara rẹ̀, ọmọbìnrin Fáráò sì san owó iṣẹ́ fún un!

Nítorí náà, ẹni tó bá ń pàṣẹ, kí ni òun gbé sílẹ̀? Ọkọ tó ní kí ìyàwó jókòó sílé, kí ó sọ iye tí yóò máa fi lé e lọ́wọ́ lóṣooṣù kí obìnrin tó kọ lẹ́tà, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá ọkọ tí kò fẹ́ kí ọmọ dé ọwọ́ ọmọ ọ̀dọ̀, ṣé màmá á wá pọ̀n ọ́n? Bí obìnrin bá padà sẹ́nu iṣẹ́, kí bàbá ọmọ náà kọ́ bí a ti ń fọ ìgò, bí a ti ń pààrọ̀ ìtẹ́dìí. Ẹni tí kò lè ṣe ọ̀kankan, kí ó yáa panu mọ́. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ sì ti fẹ̀yìn tì, àwọn abiyamọ yìí kò jìnnà sí yín. Ẹ yà lọ́dọ̀ wọn ní Mọ́ńdè tí ń bọ̀ yìí, kí ẹ bèèrè aago tí wọ́n ń jáde nílé.