Ǹjẹ́ Ìpànìyàn Ni Oògùn Tí Kì Í Jẹ́ Kí Oyún Dúró?

   Ẹ̀yin ará wa lọ́kùnrin lóbìnrin tí a jọ ń gbé ní ìlú Kano yìí,

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé ìròyìn wa lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀dọ̀ mi ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Mo dá ẹjọ́ kan, n kò sì dá a dáradára. Ẹjọ́ náà ti di ohun tí wọ́n ń rò kiri ní Sabon Gari, àwọn ọkọ kan sì ti ń fi í mú ìyàwó tiwọn. Nítorí náà kò tọ́ kí n tún un ṣe ní kọ̀rọ̀. Obìnrin tí ọ̀rọ̀ kàn àti ọkọ rẹ̀ ti gbà kí n sọ ọ́, bí n kò bá ti dárúkọ wọn.

Lẹ́yìn ìrun Ìṣáì ní alẹ́ ọjọ́ kan, ọkọ mú ìyàwó rẹ̀ wá bá mi ní ilé kéwú. Ó gbé páálí oògùn kékeré kan lé orí ẹní, ó ní, "Alfa, ẹ wo ohun tí mo bá nínú báàgì rẹ̀. Ó ti pa ọmọ mi." Ọmọ oṣù méje wà lẹ́yìn ìyàwó. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ náà jáde, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n sì fi gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà. Mo bi ìyàwó bóyá lóòótọ́ ni ó lo oògùn náà. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Alfa. Dókítà ní oyún kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀ kí ọdún méjì tó pé, nítorí ojú ọgbẹ́. Bàbá ọmọ yìí wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ ọ́. Wọ́n ti Èkó dé lọ́jọ́ Àlámísì, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí a ṣe sùúrù." Ó dákẹ́ síbẹ̀.

N kò béèrè ohun kan mọ́. Mo ṣí Súrátù Nísáì, áyà 92, mo ka ìdájọ́ ẹni tí ó bá ṣèèṣì pa onígbàgbọ́, mo ní kí ó gba ààwẹ̀ oṣù méjì tẹ̀lé ara wọn, kí ó sì máa tọrọ àforíjì. Ọkọ dúpẹ́, wọ́n lọ. Mo sùn dáadáa ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ohun tí ó ń dùn mí jù nìyẹn.

Ẹni tí ó ta mí jí ni ìyá àgbà kan nínú ẹgbẹ́ wa, nọ́ọ̀sì tí ó ti fẹ̀yìn tì. Ó wá ra aṣọ ní ìsọ̀ mi. Ó yẹ aṣọ wò, ó dúnàá-dúrà bí ó ti máa ń ṣe, ó sanwó tán, ó wá ní, "Alfa, ẹni tí ẹ ní obìnrin yẹn pa, ta ni? Níbo ni ó wà nígbà tí ó pa á?" Mo fẹ́ dáhùn, n kò rí èsì. Ó jókòó sórí àpótí, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ mi.

Ohun tí ó kọ́ mi nìyí, mo sì ti wádìí rẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà méjì tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí. Ẹyin kan ni ó máa ń jáde láti ilé ẹyin obìnrin lóṣù, bí a bá yọ ti àwọn ìyá ìbejì kúrò. Àtọ̀ ọkùnrin lè wà láàyè nínú ara obìnrin fún nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún, kí ó máa dúró de ẹyin yẹn. Oyún kì í ṣe ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lórí ibùsùn lójú ẹsẹ̀, bí ọ̀pọ̀ wa ti rò. Ó lè pẹ́ títí di ọjọ́ karùn-ún kí àtọ̀ àti ẹyin tó pàdé, wọ́n sì lè má pàdé rárá. Àárín ìgbà yìí ni oògùn náà ti ń ṣiṣẹ́. Levonorgestrel ni orúkọ rẹ̀, òun ni ó wà nínú Postinor tí ẹ ń rí ní kẹ́mísì, mílígíráàmù 1.5 sì ni ìwọ̀n rẹ̀. Ó ń dá ẹyin dúró kí ó má tètè jáde, títí agbára àtọ̀ yóò fi tán. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ní kí a lò ó láàárín wákàtí 72, bí ó bá sì ṣe yá sí ni ó ṣe ń ṣiṣẹ́ sí. Bí oyún bá ti wà níbẹ̀ ṣáájú, oògùn náà kò lè ṣẹ́ ẹ, kò sì lè pa á lára. Bẹ́ẹ̀ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ. Ìyá náà fi kún un pé kì í ṣe ohun tí a ń lò lóṣooṣù bí àgbo, àti pé obìnrin tí ó ń lo oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ tàbí àwọn oògùn wárápá kan gbọ́dọ̀ sọ fún ẹni tí ó fẹ́ tà á fún un, nítorí wọ́n lè bà á jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan nípa èdè wa. Èdè wa wà lára ohun tí ó ṣì mí lọ́nà. Bí obìnrin bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lóyún, a máa ń sọ pé oyún ti dúró. Nígbà tí a bá wá ní oògùn kan kì í jẹ́ kí oyún dúró, etí ẹlòmíràn a gbọ́ ọ bí ẹni pé oyún kan ti wá, ó fẹ́ dúró, a sì tì í ṣubú. Oògùn ìṣẹ́yún wà lọ́tọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì wà lọ́tọ̀. Orúkọ kan ṣoṣo ni ọkọ náà fi pe méjèèjì níwájú mi, "oògùn oyún," èmi náà sì gbà á bẹ́ẹ̀.

Nísinsìnyí, kí ni àwọn onímọ̀ wí? Ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí ni azl, ìyẹn kí ọkùnrin da omi ara rẹ̀ síta kí ìyàwó má baà lóyún. Hádíìsì Jabir wà lọ́dọ̀ Bukhari àti Muslim pé àwọn sàábé ń ṣe é nígbà tí Àlùkùránì ń sọ̀kalẹ̀ lọ́wọ́, ó sì wà lọ́dọ̀ Muslim pé ìròyìn rẹ̀ dé etí Ànábì, kò sì kọ̀ ọ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n ìwé Muslim kan náà ni hádíìsì Judama ọmọ Wahb wà, níbi tí Ànábì ti pe azl ní ìsìnkú ààyè tí ó pamọ́. Èyí ni Ibn Hazm dì mú tí ó fi ní kò tọ́. Ó sì tún wà lọ́dọ̀ Abu Dawud pé àwọn Yẹhúdì ń pè é ní ìsìnkú kékeré, Ànábì sì ní irọ́ ni wọ́n pa. Àwọn tí wọ́n pọ̀ jù nínú onímọ̀ gbà pé ó tọ́, ó dára kí a fi í sílẹ̀ bí kò bá sí ìdí. Wọ́n gba ọ̀rọ̀ wá láti ọ̀dọ̀ sàábé Ali pé ohun tí a ń pè ní sísin ọmọ láàyè kò lè ṣẹlẹ̀ títí ìṣẹ̀dá yóò fi kọjá àwọn ìpele tí ó wà nínú Súrátù Múmínúnà, Umar sì fara mọ́ ọn. Imám Ghazali, tí ó kú ní ọdún 1111, ka ààbò ẹ̀mí obìnrin kúrò lọ́wọ́ ewu ìbímọ mọ́ àwọn ìdí tí ó mú kí azl tọ́.

Mo kó gbogbo èyí lọ bá àfáà mi ní Ìlọrin lórí tẹlifóònù, ayọ̀ ń kún inú mi pé mo ti rí ọ̀nà. Àfáà mi kì í jẹ́ kí ènìyàn yọ̀ pẹ́. Wọ́n ní, "Azl, ìta ni omi náà wà. Ti obìnrin yìí, ó ti wọlé. Kí ni Dardir wí?" Ìbéèrè tí ó le ni. Àwa tí a kọ́ Risala àti Khalil mọ̀ pé ọ̀nà Imám Malik le jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Dardir sọ nínú àlàyé rẹ̀ lórí Khalil pé kò tọ́ láti lé àtọ̀ tí ó ti di nǹkan nínú ilé ọmọ jáde, kódà kí ó tó pé ogójì ọjọ́. Lakhmi nìkan ni a mọ̀ nínú àwọn àgbà ọ̀nà wa tí ó yọ̀ǹda rẹ̀ kí ogójì ọjọ́ tó pé. Àwọn kan nínú ọ̀nà Abu Hanifa yọ̀ǹda rẹ̀ títí di ọgọ́fà ọjọ́ tí wọ́n ń fẹ́ ẹ̀mí sínú ọlẹ̀. Mo lè sá tọ àwọn wọ̀nyí lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń ṣa ọ̀rọ̀ onímọ̀ bí ẹni ṣa ata lọ́jà, èyí tí ó rọ̀ ni yóò máa mú ní gbogbo ìgbà.

Kò sì sí ìdí láti sá. Ghazali fi ìyàtọ̀ hàn: ó ní ìpele àkọ́kọ́ nínú wíwà ọmọ ni kí omi ọkùnrin wọ ilé ọmọ, kí ó sì dàpọ̀ mọ́ omi obìnrin, kí ó ṣe tán láti gba ẹ̀mí. Ìgbà yẹn ni bíbà á jẹ́ di ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ náà a sì máa wúwo sí i bí ó ti ń dàgbà. Àìdàpọ̀ ni oògùn yìí ń ṣe. Kì í lé ohunkóhun jáde. Ó dá ẹyin dúró sílé, àtọ̀ dúró lóde, wọn kò pàdé. Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí fún àfáà mi, wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, "Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣiṣẹ́, ẹ̀gbọ́n azl ni. Ṣùgbọ́n ṣé ó dá ọ lójú?" Ìbéèrè yẹn náà ní ìtàn. Fún ọdún púpọ̀ ni ìwé inú páálí èyí tí ó lókìkí jù nínú irú oògùn yìí ní Amẹ́ríkà ń sọ pé ó lè dí ẹyin tí ó ti gba àtọ̀ lọ́wọ́ láti lẹ̀ mọ́ ilé ọmọ. Oṣù Kejìlá ọdún 2022 ni àjọ tí ń mójú tó oògùn níbẹ̀ mú ọ̀rọ̀ náà kúrò, nítorí ẹ̀rí kò gbè é. Alfa tí ó bá ti ka ti àtijọ́, tí ó sì ń ṣọ́ra, n kò lè bú u. Wáyà kọ́pà tí wọ́n ń fi sí ilé ọmọ láàárín ọjọ́ márùn-ún fún ohun kan náà, èmi fúnra mi ṣì ń ṣọ́ra fún un, nítorí àwọn onímọ̀ ìlera kò fọwọ́ sọ̀yà nípa rẹ̀ bí ti oògùn yìí.

Ọkọ yóò ní, èmi ńkọ́, ṣé kò yẹ kí ó sọ fún mi ni? Ó yẹ. Ìgbìmọ̀ Fíkíhì àgbáyé tí ó jókòó ní Kuwait ní ọdún 1988 gbà kí tọkọtaya fi àlàfo sáàárín ọmọ, bí wọ́n bá jọ jíròrò tí wọ́n sì jọ gbà, tí kò sì ní ewu nínú. Ṣùgbọ́n Imám Malik fúnra rẹ̀ sọ nínú Muwatta pé ọkùnrin kò gbọdọ̀ ṣe azl sí ìyàwó rẹ̀ tí kì í ṣe ẹrú bí kò bá gbà á láyè. Ìjíròrò náà ti wá láti ọwọ́ méjèèjì. Ọkọ yìí gbọ́ ọ̀rọ̀ dókítà, kò mú sùúrù, kò ṣe azl, kò sì béèrè ohun tí wọn yóò ṣe. Ìgbà tí obìnrin dá ṣe é tán ni ó rántí pé ìjíròrò wà.

Ní ilé, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ìyá ìyàwó tàbí ìyá ọkọ ni yóò gba obìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ sọ́dọ̀, yàrá rẹ̀ ni yóò máa sùn, kò sí ẹni tí yóò sọ fún ọkọ kí ó tó mọ ibi tí òun yóò sùn. Àwọn bàbá wa a máa dúró títí ọmọ yóò fi gba ọmú. Níhìn-ín, yàrá kan ni, ọkọ, ìyàwó, ọmọ mẹ́ta àti bẹ́ẹ̀lì aṣọ. Kò sí ìyá tí yóò sùn sáàárín. Àlùkùránì fi ọdún méjì kíkún sí ọmú fún ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é pé, Àjọ Ìlera Àgbáyé náà ní kí ó tó oṣù 24 lẹ́yìn ìbímọ kí oyún mìíràn tó dé. Àwa tí a fi ilé sílẹ̀ wá ṣòwò kò kó àwọn ìyá àgbà mọ́ ẹrù wa. Ẹni tí ó bá ń lọ tí ó ń bọ̀ láàárín Kano àti Èkó, kí ó bá ìyàwó rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ yìí kí ó tó wọ mọ́tò.

Àwọn ará kan ti sọ fún mi pé kí n má kọ eléyìí, pé àwọn ọ̀dọ́bìnrin yóò kà á, wọn yóò sì fi ṣe sìná. Sìná jẹ́ harámù, oògùn kò sọ ọ́ di halálì. Ṣùgbọ́n mo béèrè lọ́wọ́ wọn: ọmọbìnrin tí wọ́n fi ipá bá lò ńkọ́? Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan lọ́rùn rẹ̀. Wákàtí 72 ni ó ní, tí àwa a sì máa fi ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ jíròrò bí ọ̀rọ̀ náà kò ṣe ní jáde. Kí ìyá rẹ̀ gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀, kí wọ́n fún un ní oògùn yìí àti àwọn tí ó kù. Bí a bá jókòó títí oyún fi dé, ọ̀rọ̀ ti di ti ìṣẹ́yún nìyẹn, tí ọ̀nà wa le lé lórí, tí òfin ilẹ̀ Àríwá yìí kò sì gbà àfi láti gba ẹ̀mí ìyá là.

Ẹni tí mo bá ti dá irú ẹjọ́ yẹn fún rí, kí ó wá bá mi ní ilé kéwú lẹ́yìn Aṣrì lọ́jọ́ Àìkú èyíkéyìí.

Ọjọ́ kọkàndínlógún ààwẹ̀ náà ni mo dé ilé àwọn tọkọtaya yìí. Ọmú ìyàwó ti ń gbẹ, ọmọ ń ké, wọ́n ń fi ògì pa á lẹ́nu mọ́. Mo sọ fún wọn pé mo ṣì í dá, pé kò pa ẹnikẹ́ni, pé ààwẹ̀ kankan kò sí lọ́rùn rẹ̀. Ọkọ ní, "Alfa, mọ́kàndínlógún tí ó ti gbà wá ńkọ́?" Mo ní láádá rẹ̀ ń bẹ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, gbèsè rẹ̀ sì ń bẹ lọ́rùn mi. Kò sọ̀rọ̀ mọ́, ó gbé ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ìyàwó wo oòrùn lójú fèrèsé, Aṣrì kò tíì tó. Ó ní, "Alfa, ṣé n lè mu omi báyìí?"

Mo ní kí ó mu ún.