Ìbòjú Medusa



Nínú ìwé ìtàn alàwòrán DC ti Amẹ́ríkà, láti ọdún 1965, ọ̀daràn kan ń bẹ tí à ń pè ní Psycho-Pirate. Ìbòjú wúrà ni ohun ìjà rẹ̀: ìbẹ̀rù, ìkórìíra tàbí ìfẹ́ tí ó bá fi hàn lójú ni yóò gba ọkàn ẹni tí ń wò ó. Nínú ìtàn ọdún 1985, ó ta ara rẹ̀ fún Anti-Monitor, apanirun ayé, kí ó lè rí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ṣeré. Ẹni tí ń jẹ gàba lórí ọkàn ẹlòmíràn sì di ẹrú!

Ọlọ́run tí ó dá ọkàn wa kò fi ipá wọ inú rẹ̀. Ó ń kànkùn ni. Òbí tí ń fi omijé ẹ̀tàn de ọmọ rẹ̀, oníwàásù tí ń fi ìpayà gba owó ìjọ, ẹ bọ́ ìbòjú náà sílẹ̀. Ìfẹ́ àfipágbìn kì í ṣe ìfẹ́.