Ọ̀ṣẹ́tùrá àti Odò tó Pọ́n

Odò Ọ̀ṣun ti pọ́n. Àgbàrá òjò máa ń sọ odò di pupa fún ìgbà díẹ̀, omi á sì tún tòrò. Ṣùgbọ́n pípọ́n tòní ti di àtẹ̀ẹ̀rùn àtòjò láti ọdún mélòó kan, láti ìgbà tí àwọn awakùsà ti ya bo ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà nítorí wúrà. Ìbéèrè tí mo gbé síwájú Ọ̀ṣẹ́tùrá, ọ̀kan nínú àwọn Odù Ifá, ni pé: ta ló kọ́kọ́ rí i, kí ló sì dé tí a kò gbọ́ tirẹ̀?

Nínú Odù yìí, irúnmọlẹ̀ mẹ́tàdínlógún ni Olódùmarè rán wá sáyé, Ọ̀ṣun nìkan sì ni obìnrin láàrin wọn. Àwọn yòókù la igbó Orò, wọ́n la igbó Ọ̀pá, wọ́n ń ṣèpàdé, wọn kò pe ìyá náà sí i. Ohunkóhun tí wọ́n dáwọ́ lé kò gún mọ́. Nígbà tí wọ́n padà tọ Olódùmarè lọ, ó bi wọ́n pé ẹni kẹtàdínlógún wọn ńkọ́.

Ọ̀pọ̀ ló ń fi ìtàn yìí kọ́ni nípa iyì obìnrin, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n àwọn irúnmọlẹ̀ wọ̀nyẹn kì í ṣe ọ̀lẹ, wọn kì í sì í ṣe òpè. Wọ́n mọ̀ pé ayé ti dàrú. Ibi tó ti dàrú gan-an ni wọn kò rí, nítorí ẹni tó mọ ibẹ̀ kò sí láàrin wọn.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lónìí. Ẹ wo abúlé tó bá wà létí omi ní agbègbè Ìtàgúnmòdí tàbí Igún, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Obìnrin tó ń pọn omi ni odò kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀ fún. Ó gbé omi kalẹ̀ lálẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ pupa ti silẹ̀ nínú ìkòkò. Ó da álọ́ọ̀mù sí i, ó sẹ́ ẹ, síbẹ̀ kò tòrò tó. Aṣọ funfun tó fọ̀ gbé àwọ̀ ilẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n ìgbà tí kòkó etí odò bá wó lulẹ̀ ni baálẹ̀ ń pèpàdé, onílẹ̀ àti olóko ni wọ́n sì ń ránṣẹ́ sí.

Ohun tó ń sọ omi di pupa kò fara sin. Wọ́n ń fi omi ṣan yẹ̀pẹ̀ kí wúrà lè yọ, ẹrẹ̀ á sì bá odò lọ. Àwọn kan tún ń fi mẹ́kúrì kó wúrà jọ, májèlé tí ojú kò lè rí nínú omi. Odò kan náà ló gba igbó Ọ̀ṣun kọjá ní Òṣogbo, igbó tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé ní 2005, níbi tí àwọn èèyàn ti ń bu omi fún ìwòsàn.

Nínú ìtàn Odù náà, Olódùmarè kò ní kí wọ́n lọ rúbọ kún ẹbọ. Ó ní kí wọ́n lọ bẹ Ọ̀ṣun. Ọ̀ṣun náà kò gba ẹ̀bẹ̀ lásán. Ó so ó mọ́ oyún inú rẹ̀, pé bí ó bá bí ọkùnrin, ọmọ náà ni yóò máa bá wọn lọ. Ọmọ náà ni Ọ̀ṣẹ́tùrá, tí Odù yìí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Lónìí, bí arugbá, wúńdíá tó ń ru igbá ẹbọ nínú ọdún Ọ̀ṣun, bá ń lọ sódò ní oṣù Kẹjọ, tí kòtò awakùsà ṣì la ẹnu sílẹ̀ lókè odò, ẹbọ là ń rú kún ẹbọ. Kí wọ́n dí kòtò wọ̀nyẹn. Kí ìpàdé abúlé sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń pọn omi: ìgbà wo ni omi yí padà, apá ibo ni ẹrẹ̀ ti ń wá, kànga ta ló ṣì mọ́?