Ìka Tí Ó Bá Ṣẹ̀ Ni Ọba Ń Gé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìka tí ó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣòro fún ọmọdé pàápàá láti mọ̀. Bí ọba bá gé àtàǹpàkò nítorí ohun tí ọmọńdinrín ṣe, ará ìlú yóò mọ̀ pé ìdájọ́ ti wọ́. Síbẹ̀, iṣẹ́ kan wà láàárín wa lónìí tí a ti ń gé ìka tí kò ṣẹ̀, tí a sì ń pàtẹ́wọ́ sí i. Iṣẹ́ náà ni iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá bọ́ọ̀lù, pàápàá jù lọ ní àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké tí òkìkí wọn kò kàn. Ìbéèrè tí mo fẹ́ gbé síwájú ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi nìyí: ǹjẹ́ ó tọ́ kí á lé ènìyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ohun tí kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀? Ta ni ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀?

Ohun tí ojú mi rí ní Abuja, níbi tí mo ti ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ni ó mú mi kọ èyí. Ní Abuja ni olú-iléeṣẹ́ àjọ NFF, tí ń ṣàkóso bọ́ọ̀lù ní Nàìjíríà, wà. Ibẹ̀ náà ni pápá ìṣeré ńlá tí a kọ́ sílẹ̀ de ìdíje Gbogbo Áfíríkà ti ọdún 2003 wà, èyí tí a fi orúkọ Moshood Abiola sọ ní ọdún 2019. Ẹni tí ó bá wo pápá yẹn láti òkèèrè yóò rò pé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ti gún régé ní ilẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n orí pápá eléruku ni ọ̀pọ̀ àwọn tí bọ́ọ̀lù jẹ́ ọ̀nà oúnjẹ òòjọ́ fún ti ń ṣiṣẹ́ tiwọn.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan ń gbé ní Kubwa. Igbákejì akọ́nimọ̀ọ́gbá ni ó jẹ́ ní ẹgbẹ́ kan tí ń gbá bọ́ọ̀lù ní Nigeria National League, ìdíje tí ó wà ní ìpele kejì sí èyí tí àwọn ẹgbẹ́ ńlá wa ń gbá. Mi ò ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà, nítorí kì í ṣe ìjà ni mo bá wá. Ìdájí ni ẹ̀gbọ́n mi ń jáde nílé. Òun ni ó ń ka bọ́ọ̀lù, òun ni ó ń to pápá sílẹ̀ de àwọn ọmọ, òun náà ni ó ń wá yìnyín fún ẹni tí ẹsẹ̀ bá ń dùn. Mo bi í léèrè nígbà kan pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọ́n ti san owó oṣù fún yín?” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Wọ́n ní kí a ṣe sùúrù, pé owó ń bọ̀ lọ́nà.” Oṣù márùn-ún gbáko ni owó náà fi wà lọ́nà.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo lọ wo ìdíje wọn. Ọ̀mì ni wọ́n ta, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ti pàdánù lẹ́ẹ̀mejì ṣáájú. Inú bí àwọn òǹwòran, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí pariwo pé kí wọ́n lé akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà lọ. Kí n má purọ́, èmi náà pariwo. Lójú mi, ọkùnrin yẹn nìkan ni ọ̀rọ̀ kàn, ó sì dà bí ẹni pé òun ni ó ń bu ẹ̀gbọ́n mi kù. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, ìwé dé. Wọ́n lé akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà, wọ́n lé igbákejì rẹ̀, wọ́n lé ẹni tí ń kọ́ àwọn aṣọ́lé pẹ̀lú. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi lọ béèrè owó oṣù márùn-ún, wọ́n ní kí ó mú ìwé àdéhùn rẹ̀ wá. Kò ní ìwé kankan. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n fi gbà á síṣẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó bi mí bóyá mo wà ní pápá lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Mo ní mo wà níbẹ̀. Mi ò lè sọ ìyókù fún un.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ronú sí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá àti èyí tí kò sí níbẹ̀. Òun ni ó ń yan ẹni tí yóò gbá bọ́ọ̀lù, òun ni ó ń ṣètò bí wọn yóò ṣe gbá a, òun ni ó sì ń kọ́ wọn. Bí ó bá kùnà nínú ìwọ̀nyí, ẹ̀bi rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ó ń san owó àwọn agbábọ́ọ̀lù. Òun kọ́ ni ó ń pinnu pé kí wọ́n fi bọ́ọ̀sì rin ọ̀nà jíjìn, kí wọ́n sùn sójú ọ̀nà, kí wọ́n sì bọ́ sí pápá lọ́jọ́ kejì. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, àwọn alákòóso a pè é, wọ́n a ní kí ó gba àmì méje nínú mẹ́sàn-án láàárín ìdíje mẹ́ta, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀ kí ó máa lọ. Wọn kì í bi ara wọn léèrè ohun tí àwọn fúnra wọn fi lé e lọ́wọ́ tí wọ́n fi ń béèrè èyí. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.

Ẹ má ṣe rò pé àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ohun tí ọmọdé ń ṣe, ara àgbà ni ó ti ń wò ó. Shuaibu Amodu ni ó mú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà yege láti lọ sí ìdíje Ife Àgbáyé ti ọdún 2002. Kí ìdíje náà tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e fún Olóyè Adégbóyè Onígbìndé. Wọ́n tún pe Amodu padà, ó sì tún mú wọn yege fún ti ọdún 2010. Wọ́n tún gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e fún Lars Lagerback, ọmọ ilẹ̀ Sweden. Ní ìgbà méjèèjì yìí, lẹ́yìn òkè ìpọ́njú tí ó gùn dé ibẹ̀, ipò kẹta ni ó gbà nínú ìdíje Ife Áfíríkà kí wọ́n tó lé e. Kí ni èrè tí lílé náà mú wá? Ní ọdún 2002 àti ní ọdún 2010, àmì kan ṣoṣo ni Nàìjíríà rí gbà nínú ìdíje mẹ́ta, ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n sì wà nínú ìsọ̀rí wọn. Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́.

Stephen Keshi gba Ife Áfíríkà fún wa ní ọjọ́ 10 oṣù kejì ọdún 2013. Ní ọjọ́ kejì tí ó gba ife yìí ni ó kéde pé òun fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n tó bẹ̀ ẹ́ tí ó fi yí ọkàn padà. Ní ọdún yẹn kan náà, ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n fi jẹ ẹ́ lówó. Sunday Oliseh fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2016. Ó ní wọn kò pa àdéhùn mọ́, àti pé wọ́n jẹ òun àti àwọn igbákejì òun lówó. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, Keshi kú. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ni Amodu náà kú. Ọ̀rọ̀ ìyìn tí a sọ lẹ́yìn wọn pọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ìyìn lẹ́yìn ikú kì í san gbèsè ààyè.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní àríyànjiyàn. Wọn yóò ní bọ́ọ̀lù kì í ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì. Ẹni tí kò bá borí kò wúlò. Wọn yóò ní akọ́nimọ̀ọ́gbá mọ bí nǹkan ṣe rí kí ó tó gba iṣẹ́, àti pé owó tí ìjọba ń fún ẹgbẹ́ kì í tètè jáde. Wọn yóò tún ní àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá kan wà tí ń gba rìbá lọ́wọ́ ọmọ kí wọ́n tó mú un wọ ẹgbẹ́. Òtítọ́ wà nínú gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Mi ò sọ pé kí á má lé ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá ń gba rìbá, ìka tí ó ṣẹ̀ ni. Kí á gé e. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́, kí á san ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún un, kí ó máa lọ ní àlàáfíà. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí kò san owó iṣẹ́ kò tí ì ní ẹ̀tọ́ láti ṣe ìdájọ́ iṣẹ́. Bí o bá fi ebi pa ẹṣin rẹ, kí o má bínú pé kò lè sáré.

Ẹ jẹ́ kí á wo ìgbà àwọn baba wa. Nígbà náà, ẹni tí ó bá yá owó lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe ni èlé orí owó náà. Kò sí ẹni tí yóò yin àṣà yìí lónìí. Síbẹ̀, onígbọ̀wọ́ wà tí ó mọ àdéhùn náà, ìwọ̀fà ní àkókò tí ó fi ń ro oko tirẹ̀, ọjọ́ tí owó bá sì pé, ó ti bọ́. Ó mọ ohun tí ó dè é, ó sì mọ ohun tí yóò tú u sílẹ̀. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tí kò ní ìwé, tí kò ní onígbọ̀wọ́, tí a ń fi owó tí kò dé tàn, kò mọ ọ̀kan nínú méjèèjì. Ó yẹ kí ojú tì wá pé a pe ìyẹn ní iṣẹ́ òde òní.

Kì í ṣe pé ayé kò mọ ọ̀nà àbáyọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021 ni àjọ FIFA ti ní òfin lórí gbígba akọ́nimọ̀ọ́gbá síṣẹ́. Òfin náà ní kí àdéhùn wà ní àkọsílẹ̀. Ó ní bí ẹgbẹ́ bá jẹ akọ́nimọ̀ọ́gbá ní owó oṣù méjì, tí ó sì kọ̀wé sí wọn, tí ó fún wọn ní ọjọ́ 15, tí wọn kò san án, ó lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìjẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti orílẹ̀-èdè kan lọ ṣiṣẹ́ ní òmíràn ni òfin yìí wà fún. Ẹjọ́ onílé di ti ilé. Nítorí náà, àlejò ní ibi tí yóò sá sí, ọmọ ilé kò ní. Èéṣe tí àwọn alákòóso ìdíje wa kò fi lè sọ pé ẹgbẹ́ tí kò bá fi ìwé àdéhùn gbogbo àwọn tí ń kọ́ni hàn, tí kò sì fi ẹ̀rí hàn pé ó ti san gbèsè ọdún tí ó kọjá, kò ní bọ́ sí pápá?

Sùúrù pẹ̀lú ní èrè. Alex Ferguson dé Manchester United ní ọdún 1986. Ọdún 1990 ni ó tó gba ife àkọ́kọ́ níbẹ̀, ọdún 1993 ni ó tó gba ti líìgì. Nítòsí wa níbí, ẹgbẹ́ Remo Stars ti Ìkẹ́nẹ́ ṣe ipò kejì ní ọdún 2023, wọ́n tún ṣe ipò kejì ní ọdún 2024. Wọn kò lé Daniel Ogunmodede, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn. Ní ọdún 2025, wọ́n gba ife líìgì ilẹ̀ wa fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù lásán ni mo ń sọ. Ní ọdún 2025, ó lé ní oṣù mẹ́ta tí àwọn olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè Abuja fi daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó oṣù wọn. Ilé-ìwé wà ní títì pa, àwọn ọmọ wà nílé. Bí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ bá kùnà nínú ìdánwò, ta ni wọn yóò ní kò mọ iṣẹ́? Àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ ni. Àwọn kan yóò dúró ní ìta pápá tiwa náà, wọn yóò máa pariwo pé kí á máa lọ, láìbéèrè ohun tí a fi lé wa lọ́wọ́.

Wọ́n ní bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ṣe fún oṣù márùn-ún. Àwọn ọmọ àdúgbò Kubwa ni ó ń kọ́ ní bọ́ọ̀lù báyìí ní ìrọ̀lẹ́, láìgba kọ́bọ̀. Mo ti sọ fún un nígbẹ̀yìn pé mo wà lára àwọn tí ó pariwo lọ́jọ́ náà. Ó dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní, “Nígbà mìíràn, kí o kọ́kọ́ béèrè.” Ẹ̀kọ́ tí mo mú bọ̀ nìyẹn. Kí á tó sọ pé kí wọ́n gé ìka kan, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ béèrè bóyá òun ni ó ṣẹ̀.