Ta Ló Ni Orúnkún Ọ̀dọ́ Agbábọ́ọ̀lù?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lóṣù yìí bẹ̀rẹ̀ lórí pápá, ṣùgbọ́n kò parí síbẹ̀. Gbogbo wa la ti rí i rí. Ọmọkùnrin kan ń sáré lọ pẹ̀lú bọ́ọ̀lù, ó fẹ́ yí padà lójijì, ẹsẹ̀ dúró sílẹ̀, ara yí. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Ó gbọ́ ìró kan nínú orúnkún rẹ̀, ó ṣubú. Kí ni àwa tí a dúró létí pápá máa ń pariwo? "Dìde, ṣebí ọkùnrin ni ẹ́!"

Kí ilẹ̀ tó ṣú, orúnkún ti wú. Wọ́n á fi òrí àti róòbù wọ́ ọ, ọmọ á jókòó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wíwú á lọ, yóò sì máa rìn tààrà. Ibẹ̀ gan-an ni ìtànjẹ wà. Okùn iṣan kan wà nínú orúnkún tó so eegun itan mọ́ eegun ojúgun, òun ni kì í jẹ́ kí eegun ojúgun yọ síwájú tàbí kí ó lọ́ kọjá ààyè. Bí ó bá já pátápátá, kì í sábà so padà dáadáa fúnra rẹ̀. Ẹni náà lè rìn lọ sọ́jà kó rìn bọ̀. Ọjọ́ tó bá tún fẹ́ yí padà lójijì lórí eré ni yóò mọ̀ pé kò sí ohun tó di orúnkún mú mọ́.

Èyí tó bá rówó ṣe iṣẹ́ abẹ, àwọn dókítà á mú iṣan mìíràn lára rẹ̀, bóyá lẹ́yìn itan tàbí níwájú orúnkún, wọ́n á lu ihò sínú eegun méjèèjì, wọ́n á sì fi í rọ́pò èyí tó já. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ni pé iṣan tuntun yìí kì í le láti ọjọ́ kìíní. Láàárín oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, ńṣe ló máa ń rọ̀ sí i, kí ẹ̀jẹ̀ tó wọ̀ ọ́, kí ó tó di ti orúnkún náà. Nígbà tí ìrora ti lọ, tí ọmọ ti ń fò káàkiri ilé, tí kóòṣì ti ń ránṣẹ́ sí i, ó lè jẹ́ ìgbà náà gan-an ni iṣan rẹ̀ kò lágbára rárá. Ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ láti Norway àti Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2016, lórí ènìyàn 106, fi hàn pé oṣù kọ̀ọ̀kan tí ẹni náà bá fi sún ìpadàbọ̀ síwájú, títí di oṣù 9, ń dín ewu àtifarapa lẹ́ẹ̀kejì kù ní nǹkan bí ìdajì.

Ìbéèrè wa nìyí: ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé orúnkún náà ti tó gbá bọ́ọ̀lù?

Ẹgbẹ́ á ní àwọn ló san owó. Bàbá á ní òun ta ilẹ̀ nítorí ọmọ yìí. Àwa òǹwòran kò san nǹkan kan, síbẹ̀ ohùn tiwa ló máa ń ròkè jù. Ọmọ náà á ní, "Ara mi ni, èmi ni mo ni ín." Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ló dà bí òtítọ́ jù lọ, àwa náà sì gbà á bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n a ti wá rí ẹnì kan tí wọn kò pè sí ìpàdé. Ẹni náà ni ọkùnrin ẹni ogójì ọdún tí ọmọ yìí máa dà. Nínú àwọn tí iṣan orúnkún wọn já rí, bí ìdajì ni oríkèé wọn máa ń ti jẹ láàárín ọdún 10 sí 20. Ọkùnrin yẹn ni yóò máa di ògiri mú gun àtẹ̀gùn, òun ni yóò máa wá àga nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń wólẹ̀ kírun. Ẹsẹ̀ kan náà ni wọ́n jọ ní, ẹni ọdún 18 kàn ń tọ́jú rẹ̀ fún un ni. Amánà ni. A kò sì rí ibi tí wọ́n ti ń fún ẹni tó fi amánà sílẹ̀ ní ààyè àtisọ̀rọ̀ lọ́jọ́ àṣekágbá.

Àwọn kan á ní kádàrá ni. Jíjá iṣan náà lè jẹ́ kádàrá. Pípadà sórí pápá ní oṣù 4 kì í ṣe kádàrá, ènìyàn ló pinnu rẹ̀.

Ẹ wo Victor Boniface, ọmọ tí wọ́n bí ní Àkúrẹ́. Ọmọ ọdún 18 ni nígbà tó lọ sí Bodø/Glimt ní Norway ní 2019. Kò pẹ́ tó débẹ̀ tí iṣan yìí já. Ó tọ́jú rẹ̀, ó padà, ó tún já lẹ́ẹ̀kejì. Nínú àwọn ọ̀dọ́ eléré tí kò tíì pé ọdún 25 tí wọ́n padà sórí pápá, bí ènìyàn 23 nínú 100 ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí, yálà ní ẹsẹ̀ kan náà tàbí ní ìkejì. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin 2024, òun ló gba góòlù àkọ́kọ́ wọlé nígbà tí Leverkusen na Werder Bremen ní 5-0, tí wọ́n sì gba ife líìgì Jámánì fún ìgbà àkọ́kọ́.

A mọ ohun tí ẹ máa sọ. Boniface ní ẹgbẹ́ tó ń sanwó fún dókítà. Ọmọ àdúgbò wa ń kọ́? Ẹni tí kò gbá bọ́ọ̀lù lónìí kò ní jẹun lọ́la, ìwé àyẹ̀wò lásán lè gba gbogbo owó ọjà ìyá rẹ̀. Òótọ́ ni, kò sì sí èsì dídùn fún un. Ó rọrùn fún ẹni tó ti yó láti máa wàásù sùúrù. Nítorí náà, ẹni tó ń jẹ lára ẹsẹ̀ ọmọ yẹn nígbà tí ẹsẹ̀ le ni ọ̀rọ̀ wa ń bá wí jù. Òun ló yẹ kó bọ́ ọ fún oṣù 9 yẹn, kí ó tó lẹ́nu láti bi í pé ìgbà wo ló ń bọ̀. Nínú àwùjọ tiwa pẹ̀lú, owó tí a máa ń dá ra aṣọ ẹgbẹ́ tuntun lè sanwó ẹni tó ń kọ́ ọmọ kan bí yóò ṣe máa lo ẹsẹ̀ rẹ̀ padà.

Ní oṣù kẹjọ 2025, Boniface lọ sí Milan fún àyẹ̀wò kí ó lè wọ ẹgbẹ́ AC Milan. Àdéhùn náà kò bọ́ sí i, ìròyìn sì gbé e pé ọ̀rọ̀ orúnkún ni. Ẹgbẹ́ tó wá yá a lò lẹ́yìn náà ni Werder Bremen.